Kí ni iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ occupational therapist tó ń lọ sílé aláìsàn?

Ó máa ń kọ́ ẹni tí àìsàn tàbí ìfarapa dá dúró bí yóò ṣe tún máa dá wẹ̀, dá wọṣọ, dá se oúnjẹ nínú ilé tirẹ̀, lábẹ́ àbójútó occupational therapist, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń ṣètò bí aláìsàn yóò ṣe tún lè ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe olùrànlọ́wọ́ yìí ló ń ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tàbí tó ń pinnu ìtọ́jú. Tirẹ̀ ni láti mú ètò náà ṣẹ, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kó sì tètè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ bí nǹkan bá yí padà.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú kí apá rẹ̀ kan rọ. Wọn yóò kọ́ ọ pé apá tó rọ ni kó kọ́kọ́ kì bọ ẹ̀wù. Tó bá fẹ́ bọ́ ọ, apá tó lágbára ni kó kọ́kọ́ yọ. Wọn yóò wo ilé ìwẹ̀ bóyá ó nílò irin ìdìmú, wọn yóò sì ní kí wọ́n ká ẹní tó lè gbé e ṣubú. Èyí tó nira jù, tó sì ṣe pàtàkì jù, ni kí olùrànlọ́wọ́ má gba iṣẹ́ náà ṣe fún un: àṣetúnṣe ló ń dá agbára padà.

Òfin yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ náà máa ń gba nǹkan bí ọdún 2, lẹ́yìn náà ìdánwò NBCOT (àjọ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ yìí ní ìwé-ẹ̀rí) àti ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ́ ọ.