Èsì: CFD ni àbí láàbù?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní másítàsì oníwàádìí lẹ fẹ́ ṣe nínú mechanical engineering, ẹ ò wá mọ̀ bóyá CFD (fífi kọ̀ǹpútà ṣírò bí omi tàbí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn) lẹ máa mú àbí iṣẹ́ láàbù. Lójú tèmi o, súpáfáísọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò, torí bí ẹni yẹn ò bá ráyè ka iṣẹ́ yín, kò sí bí tópíìkì ṣe dùn tó tí ò ní sú yín. Ẹ wá àwọn tó ti ṣe lábẹ́ ẹ̀ rí, ẹ bi wọ́n ní kọ̀rọ̀.

CFD dáa, OpenFOAM, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, láísẹ́ńsì ANSYS tóun náà jẹ́ sọ́fítíwià ló wọ́n, àmọ́ ẹ má rò pé kẹ́ ẹ kàn tẹ bọ́tìnì kí àwòrán aláràbarà jáde ló parí ẹ̀ o, àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ yín wò máa bi yín pé bẹ́ ẹ bá tún gé mesh yẹn (àwọn ègé kéékèèké tí kọ̀ǹpútà pín ibi tẹ́ ẹ̀ ń ṣírò sí) wẹ́wẹ́ sí i, ṣé èsì ò ní yí padà, wọ́n á tún ní kẹ́ ẹ fi wé ohun tí wọ́n wọ̀n ní láàbù. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń há èèyàn mọ́ ní viva, ìdánwò àfẹnuṣe tí wọ́n fi ń gbèjà iṣẹ́ ìwádìí.

Láàbù ní tiẹ̀, sẹ́ńsọ̀ kan péré lè dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tó bá jẹ́ èmi ni, CFD tí dátà láàbù ẹ̀ ti wà nílẹ̀ ni màá mú. Ẹ tiẹ̀ tètè máa kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, láti ìsinsìnyí.