Ìdí tí ìyá yín kò fi dáhùn ìbéèrè tó ń wọlé sórí fóònù wọn

Ẹ ní ìyá yín ń gba ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, pé ilé ìwòsàn ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sórí fóònù wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí wọ́n lè sọ bí ara wọn ṣe rí, àmọ́ wọn kì í dáhùn, ẹ sì ń béèrè bóyá agídí ni tàbí ọ̀lẹ. Kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ yọ jẹjẹrẹ kúrò nínú ìfun ńlá mi, èmi náà gba oògùn oxaliplatin pẹ̀lú capecitabine, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni mo fi òótọ́ dáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ara, nítorí òun ni ẹni tí ara rẹ̀ le kì í tètè rò. Oxaliplatin kì í jẹ́ kí ọwọ́ gba ohun tútù. Fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá fà á sí mi lára, bí mo bá fọwọ́ kan fóònù tó ti tutù mọ́jú, ńṣe ló máa ń dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún mi níka. Capecitabine ní tirẹ̀ mú kí àtẹ́lẹwọ́ mi pọ́n, kí ó sì máa bó, títí ìlà orí ìka mi fi parẹ́. Ìtẹ̀ka ni mo fi ń ṣí fóònù mi tẹ́lẹ̀. Ó di ọjọ́ kan, fóònù kò mọ̀ mí mọ́. Mo bá bọ́ sórí pásíwọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ sì ni ètò ilé ìwòsàn náà ní pásíwọ́ọ̀dù mìíràn, ní àkókò tí oògùn ti mú kí n máa gbàgbé ohun tí mo sọ ní wákàtí kan sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé ìbéèrè wọn kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, àmọ́ ẹni tí èébì ń gbé kò ní ìṣẹ́jú márùn-ún náà. Ọjọ́ tí ìròyìn aláìsàn wúlò jù lọ ni ọjọ́ tí kò lè gbé fóònù. Nítorí náà, bí ìyá yín bá dákẹ́, ẹ má kàn gbà pé ara wọn ti yá.

Síbẹ̀, gbogbo èyí kò tó ìbẹ̀rù. Nígbà tí mo gba oògùn náà lẹ́ẹ̀karùn-ún, ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, n kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi mọ́. Ìbéèrè náà wá gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń wá: ní ọjọ́ méje sẹ́yìn, báwo ni kíkú ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yín ti le tó? Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ pé ó le gan-an, wọ́n lè dín oògùn kù tàbí kí wọ́n dá a dúró, lójú mi nígbà náà, ìyẹn ni pé wọ́n ti fi mí sílẹ̀ fún jẹjẹrẹ. Mo tẹ “díẹ̀”. Kò sí ẹni tó ti ṣàlàyé fún mi pé ohun tí àwọn dókítà máa ń ṣe ni kí wọ́n dín oògùn kù, pé kíkú ọwọ́ yìí a máa pọ̀ sí i bí oògùn ṣe ń pọ̀ lára, ó sì lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nọ́ọ̀sì ló fura nígbà tí n kò lè di kálàmù mú láti fọwọ́ síwèé. Wọ́n dá oxaliplatin dúró lọ́jọ́ náà, wọ́n fi capecitabine nìkan bá ìtọ́jú lọ. Ọdún ti gorí ọdún báyìí, àtẹ́lẹsẹ̀ mi kò tíì mọ ilẹ̀ dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí fún ìyá yín.

Nǹkan mìíràn tó mú kí n má dáhùn ìbéèrè náà mọ́ ni pé n kò mọ ẹni tó ń ka ìdáhùn mi. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe mí ju ẹ̀ẹ̀meje lọ lóòjọ́. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó rí i, wọ́n sì ti gbé mi wọ ilé ìwòsàn kí omi ara mi má bàa tán.

Ìwádìí tí dókítà Ethan Basch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ní New York fi hàn pé irú ìròyìn yìí wúlò nígbà tó bá ń dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Àwọn aláìsàn 766 ló kópa nínú rẹ̀. Àwọn kan ń ròyìn àmì àìsàn 12 lórí kọ̀ǹpútà, ìsọfúnni a sì lọ bá nọ́ọ̀sì bí ọ̀kan bá le. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, ìdajì àwọn tó ń ròyìn náà lo ju oṣù 31 lọ láyé, nígbà tó jẹ́ oṣù 26 fún àwọn tó gba ìtọ́jú bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé àwọn tí kò mọ kọ̀ǹpútà lò tẹ́lẹ̀ pàápàá jàǹfààní gan-an. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ìyá yín ti dàgbà jù fún un.

Ẹ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n máa sọ ọ́, kí ẹ̀yin máa tẹ̀ ẹ́, àmọ́ kí ẹ má ṣe bá wọn yí ìdáhùn padà, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Ọmọ mi ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, síbẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè sọ létí rẹ̀. Ẹ fún wọn láyè kí wọ́n dá sọ irú ìyẹn fún nọ́ọ̀sì. Bí ara wọn bá gbóná dé ìwọ̀n 38 lórí Celsius, ẹ má fi í ṣe ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù rárá, ẹ pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, nítorí oògùn náà ti lè dín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbógun ti kòkòrò àrùn kù. Kí ẹ sì bi wọ́n níbẹ̀ pé ta ló ń ka ìdáhùn wọ̀nyí, ní aago mélòó, àti lópin ọ̀sẹ̀ ńkọ́. Bí kò bá sí ẹni tó ń kà á lópin ọ̀sẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà tí ẹ lè pè lóru, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù wọn.