Ọ̀rọ̀ omi ló wà nílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkìkí

Ojú ìwé mẹ́ta lo kọ ránṣẹ́ sí mi. O ròyìn bí o ṣe fi ọdún mẹ́rin ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ àti aládùúgbò nínú eré àwọn ẹlòmíì, kí wọ́n tó fún ọ ní ipa ayaba tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Gbogbo ayé ti mọ ojú rẹ, wọn ò sì mọ̀ pé o ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. O wá ń bi mí bóyá kí o kéde rẹ̀ fáwọn olólùfẹ́ rẹ nísinsìnyí, àbí kó di ìgbà tí eré bá parí.

Gbólóhùn kan wà ní ojú ìwé kejì tí o sáré fò kọjá. O ní aṣọ ayaba yẹn ń gba ogójì ìṣẹ́jú láti bọ́, nítorí náà o kì í mu omi láti ìdájí títí iṣẹ́ á fi parí, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n ọ́. Ìlà tó tẹ̀ lé e, o ní kíráísìs, ìyẹn ìrora líle tí àrùn yìí máa ń gbé dìde, ti dá ọ wó lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, bóyá wàhálà òkìkí ló fà á.

Wàhálà òkìkí wo? Òùngbẹ lo fi ń pa ara rẹ!

Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn tó bá ti tú ọ́síjìn tó gbé sílẹ̀. Bí omi bá dín kù nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó gbé èròjà yẹn, èròjà náà á ki sí i, á sì tètè lẹ̀ pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ bíi dòjé, á le, á há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín. Egungun tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ ló ń ro ọ́ yẹn. Kíndìnrín ẹlòmíì máa ń há omi mọ́ra tí kò bá mumi. Tìrẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí àrùn yìí ti ń ba ibi tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn jẹ́ láti kékeré. O kò mu ún, ara rẹ sì ń dà á nù. Má wo àwọ̀ ìtọ̀ tan ara rẹ jẹ o: ó lè mọ́ roro nígbà tí ara ti gbẹ. Ìgò ni kí o máa kà.

Ìgò ìdajì lítà márùn-ún sí mẹ́fà lóòjọ́, àyàfi tí dókítà rẹ bá ti sọ iye míì fún ọ nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín. Mu ọ̀kan tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ọ́ lójú. Lẹ́yìn náà, ife kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, òùngbẹ ì báà gbẹ ọ́, ì báà má gbẹ ọ́. Bí iná kámẹ́rà bá ti mú kí òógùn rin aṣọ abẹ́ rẹ, fi ife kan kún un. Ọtí àti kọfí kò sí nínú kíkà.

Aṣọ tó ń gba ogójì ìṣẹ́jú láti bọ́, aṣọ tí aránṣọ kò tíì rán tán ni. Kó tú ojú rírán ẹ̀yìn láti ìbàdí wá sísàlẹ̀, kó fi síìpù sí i, kó fi aṣọ òkè bò ó. Kámẹ́rà ò ní rí i.

O tún ní ẹ ó ya ìran òjò lóru lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àríyá. Òtútù máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Kí wọ́n lo omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹlòmíì tó bá ọ dọ́gba dúró fún ọ nígbà tí kámẹ́rà bá jìnnà, kí aṣọ gbígbẹ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì sì wà nítòsí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá kámẹ́rà dúró.

Ẹni tó ń gún ọ lábẹ́rẹ́ ìrora níbi iṣẹ́, tí o kò mọ orúkọ ohun tó ń gún, dá a dúró lónìí. Diclofenac, oògùn ìrora kan, àti àwọn ẹbí rẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá nígbà tí ara bá gbẹ. Bí ara rẹ bá gbóná dé 38.5°C, bí àyà bá ń dùn ọ́ tí o kò lè mí dáadáa, bí apá kan ara bá rọ tàbí tí ahọ́n bá wúwo, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe lẹ́yìn ìran tó kù.

Ní ti àwọn olólùfẹ́ rẹ: ọdún 1991 ni wọ́n sọ fún Michael J. Fox, òṣèré fíìmù bíi tìrẹ, pé ó ní àrùn Parkinson tó ń mú ara gbọ̀n, ọdún 1998 ló tó sọ ọ́ fáráyé. Ìgbà tó bá wù ọ́ ni kí o sọ tìrẹ. Àmọ́ olùdarí eré àti ẹni tó ń wọṣọ fún ọ kò lè dúró dìgbà yẹn. Pe olùdarí lálẹ́ yìí, má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, mo ní fòníkú-fọ̀ladìde. Mo gbọ́dọ̀ mumi ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, mo nílò àyè láti tọ̀, mo sì fẹ́ ká jọ tún ìran òjò yẹn tò kó tó di ọjọ́ iṣẹ́.” Tó bá di àárọ̀, gbé aṣọ yẹn lọ bá aránṣọ.