Ọlọ́pàá mú ọmọ mi lẹ́yìn tó gba àdímíṣọ̀n: ṣé iléèwé ò ní lé e?

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 19 ni ọmọ mi. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́ja ti gbà á wọlé. Ìjà ṣẹlẹ̀ lóde ìgbéyàwó kan ní Kábbà, ọlọ́pàá sì kó òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti gba béèlì rẹ̀, ó kù kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní kó kúkú gbà pé òun jẹ̀bi, kó san owó ìtanràn, kó ráyè lọ síléèwé. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀? Ìyá rẹ̀, Mopa.

Ìdáhùn: Òkun o, ìyá wa. Ẹ má tíì gba ìmọ̀ràn yẹn, àfi tí agbẹjọ́rò tó ka ìwé ẹ̀sùn bá ní kò sọ́nà mìíràn.

Abala 36(5) nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé aláìlẹ́ṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ilé-ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Àmọ́ tó bá ti ẹnu ara rẹ̀ sọ pé "mo jẹ̀bi", ìdálẹ́bi ti wọ̀wé nìyẹn, ìtanràn náà ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà péré. Ẹ ó gbàgbé owó yẹn kí ọdún tó yí. Ìwé ò ní gbàgbé, pàápàá bó bá fẹ́ di agbẹjọ́rò, níbi tí wọ́n ti ń wo ìwà èèyàn kí wọ́n tó gbà á.

Bí ẹnì kan bá fara pa nínú ìjà náà, tí ọgbẹ́ rẹ̀ sì kéré, ẹ rán àwọn àgbà sí ìdílé rẹ̀ láti parí ìjà. Kí agbẹjọ́rò gbé ìparí ìjà yẹn lọ síwájú kóòtù. Bí ẹ ò bá lówó agbẹjọ́rò, ẹ lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní rojọ́.

Fọ́ọ̀mù ni mo tún ń bẹ̀rù. Kó ka ìbéèrè dáadáa: òmíràn ń béèrè ìdálẹ́bi, òmíràn ń béèrè bóyá wọ́n ti mú un rí. Fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà, DS-160, ń béèrè méjèèjì. Irọ́ inú fọ́ọ̀mù lè gba àdímíṣọ̀n lọ́wọ́ ẹni tí kóòtù gan-an dá sílẹ̀.

Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ fún agbẹjọ́rò kí kóòtù tó dá ọjọ́. Adájọ́ kì í ṣe babaláwo. Bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ náà, kó dé ibẹ̀, torí bí kò bá wá, wọ́n lè fagi lé béèlì, kí onídùúró náà sì kó sí wàhálà.

Tí ẹjọ́ bá parí, ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù fọwọ́ sí. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ní kó máa lọ lásán ni, tàbí wọ́n ní ó jàre: ti àkọ́kọ́, wọ́n ṣì lè gbé e padà wá.