Ẹ Gba Ìyọ̀ǹda Kí Ẹ Tó Ra Skánà

Ẹ kú làálàá. Ẹ ní àwọn ìdìpọ̀ jọ́nà ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run tó ti pẹ́ tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ fẹ́ gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ènìyàn máa kà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì ń béèrè irú skánà tí ẹ lè rà. Ọ̀rọ̀ skánà kò le: èyí tó bá lè ya ojú ìwé ní 300 dpi (ìyẹn àmì 300 nínú íńṣì kan), tàbí 400 bí lẹ́tà bá kéré, ti tó. Ìyọ̀ǹda ni iṣẹ́.

Nínú jọ́nà, àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan lè ní ẹni tó ni ín lọ́tọ̀. Bí òǹkọ̀wé kò bá fọwọ́ sí ìwé láti gbé ẹ̀tọ́ tó ní lórí àpilẹ̀kọ náà (copyright) fún ẹnikẹ́ni, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì wà, bó bá sì ti kú, ó di ti àwọn ajogún rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìn 70 ọdún tí òǹkọ̀wé bá ti kú ni ẹ̀tọ́ yìí tó ń tán, nítorí náà kí ilé ìtẹ̀wé kógbá wọlé kò sọ ìwé di ti gbogbo ayé.

Ojú mi rí nǹkan lórí jọ́nà kan tí kò jáde mọ́, tí ilé ìtẹ̀wé ńlá kan ti gbé ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ mì. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ìyọ̀ǹda níbẹ̀ ní kí n lọ bá olóòtú; olóòtú tó ṣe é kẹ́yìn sọ pé ọ̀dọ̀ ilé ìtẹ̀wé ni ẹ̀tọ́ náà wà; bí mo sì ti padà débẹ̀, agbẹjọ́rò wọn ní kí n mú ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ wá, ìwé tí àwọn fúnra wọn kò rí. Wọ́n ń fòní dónìí, wọ́n ń fọ̀la dọ́la, títí wọ́n fi ní kí n wá sanwó lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, láìtíì fi hàn pé àwọn ló ni ohun tí wọ́n ń tà. Akọ̀wé àtijọ́ ẹgbẹ́ tó dá jọ́nà náà sílẹ̀ ló gbà mí. Ó fa fáìlì kan yọ, ó tú pínnì tó ti dípẹtà lára àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn, ó sì fi ìka tọ́ka sí ìlà kan ṣoṣo tó sọ pé iṣẹ́ títẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé fún ilé ìtẹ̀wé. Nítorí náà, ẹgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ẹ gba ìdáhùn lórí ìwé, kí ó dárúkọ ìdìpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, nítorí ọ̀rọ̀ orí fóònù kò wúlò lọ́jọ́ ìjà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá àwọn òǹkọ̀wé tó ṣì wà láàyè.

Ẹ má sì gba àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ǹpútà gbọ́ pé ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán ojú ìwé di lẹ́tà yóò ka gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sí èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ọ̀rọ̀ Gíríìkì bíi λόγος lè di “Aoyos”, Hébérù a sì di pàǹtí. Tesseract, ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní Gíríìkì àtijọ́ àti Hébérù. Ẹ yàn wọ́n mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹ̀yìn ìdìpọ̀ tí kò ní ẹ̀dà kejì nítorí kí ó lè rọrùn láti yà.

Èyí tó kù kò ṣòro: PDF kan fún àpilẹ̀kọ kan, pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti nọ́ńbà ojú ìwé, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sí Internet Archive, ilé ìkówèésí ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì.