Ṣé ọ̀dà ni wọ́n fi kun àwòrán ìràwọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Mo fi àwòrán tí awò-awọ̀nàjíjìn Hubble yà hàn wọ́n, ni ọmọ kan bá ní irọ́ ni, pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kùn ún. Ẹnu mi wọhò. Áàpù wo ló lè yọ ọ̀dà yẹn kúrò, kí a rí àwọ̀ rẹ̀ gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ má wá áàpù kankan, olùkọ́. Kò sí ọ̀dà tí ẹ fẹ́ yọ. Ó ti sú mi láti máa dáhùn èyí, pàápàá nítorí àwọn tó ń pariwo kiri pé àwọn ní “ojúlówó àwòrán tí wọ́n fi pamọ́”.

Ohun tí wọ́n rò ni pé fọ́tò aláwọ̀ kan wà níbìkan tí ẹnìkan wá kùn lé lórí. Irọ́ ni. Kámẹ́rà Hubble ò mọ àwọ̀. Iye ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ń kà, bí ẹni ń ka owó ẹyọ. Asẹ́ ni wọ́n máa ń gbé síwájú rẹ̀, tí oríṣi ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo á gbà kọjá. Wọ́n á yà á, wọ́n á pààrọ̀ asẹ́, wọ́n á tún un yà. Dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀ ń jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ kan, tí wọ́n á tò wọ́n lé ara wọn.

Ẹ wo àwòrán òpó gáàsì inú nẹ́búlà M16 (ìkùukùu gáàsì àti eruku ni nẹ́búlà), tí Hubble yà ní 1995. Asẹ́ mẹ́ta ni wọ́n lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìmọ́lẹ̀ èròjà kan. Wọ́n fún imí-ọjọ́ ní pupa, háídírójìn ní àwọ̀ ewé, ọ́síjìn ní búlúù. Ọmọ yín á ní, “Ẹ ò rí i? Pupa ni ti háídírójìn!” Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n pupa náà ni ti imí-ọjọ́: gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ háídírójìn jẹ́ nànómítà 656, ti imí-ọjọ́ jẹ́ 673. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ ní pupa, wọn á dà pọ̀, kò sójú tó lè yà wọ́n. Àwọ̀ ewé yẹn ló jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀kan ti pọ̀ ju èkejì lọ.

Ojú tiwa gan-an ńkọ́? Bí ẹ bá tiẹ̀ wọkọ̀ dé ẹ̀bá ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ṣì ṣe bàìbàì, ojú ènìyàn kì í sì í rí àwọ̀ dáadáa nínú bàìbàì. Bí eérú ló máa rí lójú yín. Ṣé ìyẹn wá ni “àwọ̀ gan-an”?

Ẹ lọ sí MAST lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n kó àwòrán Hubble àti ti Webb (awò-awọ̀nàjíjìn mìíràn tó wà lójú sánmà) jọ sí, kí ẹ wa fáìlì FITS (fáìlì tó gbé nọ́ńbà tí kámẹ́rà kà) mẹ́ta ti ohun kan náà, tí asẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Ẹ fi SAOImage DS9, áàpù kọ̀ǹpútà tó ń ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ṣí wọn. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ó lè dúdú kirimú, kó ku ìràwọ̀ mélòó kan. Fáìlì ò bàjẹ́ o. Ẹ yí Scale (ètò tó ń sọ bí nọ́ńbà ṣe máa mọ́lẹ̀ tó lójú kọ̀ǹpútà) sí log, ìkùukùu á yọ. Kí àwọn ọmọ máa gbé atọ́ka káàkiri, kí wọ́n wo bí nọ́ńbà ṣe ń fò sókè bó bá dórí ìràwọ̀. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi kọ àwọn nọ́ńbà tó wà lórí ìlà kan ṣoṣo sínú ìwé, ó fi wọ́n ya gíráàfù, ó rí bí òkè ṣóńṣó. Kò bi mí ní ìbéèrè àwọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fún fáìlì kọ̀ọ̀kan láwọ̀ fúnra wọn, kí wọ́n sì fi pupa pààrọ̀ búlúù. Àwòrán á yí padà, nọ́ńbà ò ní yí.

Ẹ má wọn ohunkóhun lórí JPEG aláwọ̀ o, wọ́n ti fi ọwọ́ kan nọ́ńbà inú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ní awò-awọ̀nàjíjìn níléèwé, ẹ má dojú rẹ̀ kọ oòrùn láìsí asẹ́ oòrùn níwájú rẹ̀. Ojú á fọ́, mi ò sì sí níbẹ̀.

Ọmọ tó ní irọ́ ni yẹn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sídìí kọ̀ǹpútà.