Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé ìtọ́jú ni kí aláìsàn máa gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní ilé ìwòsàn ìjọba fún àrùn ọpọlọ, ó ti lé lọ́dún kan. Schizophrenia ni wọ́n pe àìsàn náà. Ara rẹ̀ ti balẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan kan àfi téèyàn bá pàṣẹ fún un. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ilé tí irú wọn ń gbé, tí òṣìṣẹ́ ń bójú tó wọn. OT, ìyẹn occupational therapist, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń fi iṣẹ́ ojoojúmọ́ tọ́jú aláìsàn, ní kó máa po tíì, àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù ní kó máa gbálẹ̀ láràárọ̀, wọ́n ní ìtọ́jú ni gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan tún ní òun lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́ tí yóò jí ọpọlọ rẹ̀. Ṣé kò yẹ kí aláìsàn sinmi ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín. Mo máa sáré dáhùn méjì nínú ìbéèrè yín, kí n lè ráyè fún èyí tó ń dun èmi gan-an.

Ẹni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹ má fún un lówó. Gbájúẹ̀ ni. OT bíi tèmi kì í ṣe ẹni tó kàn mọ ìlẹ̀kẹ̀ í sín tàbí apẹ̀rẹ̀ í hun. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ara, ọpọlọ àti ìhùwà èèyàn. Àjọ World Federation of Occupational Therapists, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1952, sì ní ó kéré tán, kó ti lo wákàtí 1,000 lẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ń kọ́ ọ kó tó gboyè. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní ìwé tí orúkọ àwọn tó láṣẹ láti ṣe iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn pé kí ni nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé náà, kí ẹ sì wo bó ṣe máa fèsì.

Ní ti ìsinmi, nígbà tí àìsàn náà gbóná, tí kò sùn, tí ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ìsinmi tó bá gba àárọ̀ ṣúlẹ̀ kì í ṣe ìsinmi mọ́. Àwọn olùwádìí méjì, Wing àti Brown, tọpinpin àwọn aláìsàn schizophrenia ní ilé ìwòsàn mẹ́ta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún bíi mélòó kan, ìwádìí wọn sì jáde lọ́dún 1970. Àwọn tí wákàtí tí wọ́n fi ń jókòó láìṣe nǹkan kan dín kù ni ara wọn yá jù. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí pè é ní ọ̀lẹ. Kéèyàn má lè bẹ̀rẹ̀ nǹkan fúnra rẹ̀ wà lára àìsàn yẹn gan-an. Ó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ó tiẹ̀ lè sọ ọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹsẹ̀ ni kò gbé. Oògùn náà lè máa mú un tòògbé. Dókítà ni kí ẹ bi nípa ìyẹn, ẹ má fọwọ́ ara yín dín oògùn kù o.

Ó wá ku ilẹ̀ gbígbá.

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í bi mí ní irú ìbéèrè yìí, èrò kan náà ló sì wà lábẹ́ gbogbo wọn: pé ohunkóhun tí aláìsàn bá ti fọwọ́ ṣe, ìtọ́jú ni. Irọ́ ni. Ìlẹ̀kẹ̀ sísín kì í ṣe ìtọ́jú. Àwòrán kíkùn kì í ṣe ìtọ́jú. Tíì pípo yẹn gan-an kì í ṣe ìtọ́jú. Ohun tó ń sọ ọ́ di ìtọ́jú ni pé ẹnì kan ti fara balẹ̀ wo àbúrò yín, ó mọ ibi tí nǹkan ti ń já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó yan iṣẹ́ náà nítorí ibẹ̀, ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ara àbúrò yín ṣe ń yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi tíì náà ṣàlàyé, torí mo mọ̀ pé eré ọmọdé ló jọ lójú yín. Tí mo bá ní kí aláìsàn po tíì, tíì kọ́ ni mò ń wò. Mò ń wò ó bóyá ó dìde nígbà tí mo sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àbí ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó gbé kẹ́tùlù: ṣé ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi wà nínú rẹ̀ kó tó tan iná? Ó ń wá ife: kọ́bọ́ọ̀dù kan náà ló ń ṣí, tó ń pa dé, tó tún ń ṣí, ife sì wà lórí tábìlì lẹ́bàá ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń da omi: ṣé ẹ̀rù ni àbí oògùn? Ìyẹn máa dé etí dókítà lọ́jọ́ náà. Ṣúgà tán: ṣé ó béèrè, àbí ó dúró síbẹ̀ tó ń wo agolo òfìfo? Nígbà tó parí, ṣé ó rántí pa iná?

Ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ló ti há fún un. Mo lè ṣe gbogbo rẹ̀ níṣojú rẹ̀, kí n fi ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn nìkan sílẹ̀ fún un, kó rò ó pọ̀, kó sì mu ún. Òun ló parí rẹ̀, òun náà ló jẹ èrè rẹ̀. Tí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, mo fi ìgbésẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn sílẹ̀, lẹ́yìn náà mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi náà ń dín kù. Mo kọ́kọ́ máa ń sọ pé "gbé ife", tó bá yá mo kàn máa nawọ́ sí i, tó bá tún yá mo máa dákẹ́. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn ẹbí tó ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà máa ń rò pé a ń fi àkókò ṣòfò ni.

Ohun kan tún wà tí ojú wọn kì í tó. Kí ẹnikẹ́ni tó jáde kúrò nínú yàrá iṣẹ́ wa, a ti ka sísọ́ọ̀sì, a ti ka abẹ́rẹ́, a ti wo okùn. Tí ọ̀kan bá dín, ilẹ̀kùn ò ní ṣí títí a ó fi rí i. Ẹni tó ń ronú àtipa ara rẹ̀ lánàá, mi ò ní gbé omi tó ń hó fún un lónìí. Ẹni tó fi fídíò kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ kò mọ ìwọ̀nyí, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí wọn.

Ẹ wá fi ìgbálẹ̀ wọ́ọ̀dù wé e. Ta ló wo àbúrò yín kí wọ́n tó gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́? Kí ni wọ́n fẹ́ kó lè ṣe lóṣù tó ń bọ̀ tí kò lè ṣe báyìí? Tí kò bá gbá a lọ́la, ta ni ìyà máa jẹ? Tó bá jẹ́ pé wọ́ọ̀dù ló máa dọ̀tí torí pé òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó kò tó, a jẹ́ pé iṣẹ́ ilé ìwòsàn ló ń bá wọn ṣe, kí wọ́n má fi orúkọ ìtọ́jú bò ó.

Ọ̀ràn náà ti pẹ́. Lọ́dún 1796, William Tuke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ Quaker, ìjọ Kristẹni kan, ṣí ilé kan ní ìlú York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó ní àrùn ọpọlọ, wọ́n fi iṣẹ́, ọgbà àti ìwà pẹ̀lẹ́ rọ́pò ẹgba àti ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kó tó pẹ́ jù, ilé ìwòsàn ńláńlá ti pọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé àwọn aláìsàn ló ń ro oko rẹ̀, tí wọ́n ń fọ aṣọ rẹ̀, tí wọ́n ń dáná rẹ̀, láìgba owó, ìtọ́jú náà ni wọ́n sì ń pè é. Lọ́dún 1973 ni ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà, nínú ẹjọ́ Souder àti Brennan, wá sọ pé tí ilé ìwòsàn bá ń jèrè iṣẹ́ tí aláìsàn ń ṣe, òfin owó iṣẹ́ kan aláìsàn náà. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, òfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ìdájọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ lèmi náà ti ń bẹ̀rẹ̀: ta ló ń jèrè?

Ẹ má tìtorí èyí lọ fìjà pẹ́ẹ́ta pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì o. Ilẹ̀ gbígbá lè jẹ́ ìtọ́jú. Kó gbá yàrá tirẹ̀, torí òun ni yóò máa gbá a níbi tó ń lọ. Kí ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tó ń wo ibi tó ti ń dúró. Ó sì lè jẹ́ pé àbúrò yín fẹ́ràn láti máa gbá wọ́ọ̀dù náà, pé òun nìkan ni nǹkan tó ń mú un dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ bi í. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi, mi ò rí i pé ẹnikẹ́ni ti bi í.

Kí n má parọ́, àwa OT náà lẹ́bi tiwa. Ní ilé ìwòsàn ìjọba, OT kan ṣoṣo lè máa bójú tó wọ́ọ̀dù mélòó kan, ó sì rọrùn láti kó ogún èèyàn jọ sí yàrá kan, kí a pín bébà àti àwọ̀ fún wọn, kí a wá kọ sílẹ̀ pé "ó wá, ó kópa". Ẹ ní kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ tirẹ̀ fún yín. Tó bá jẹ́ pé "ó wá, ó kópa" ló kún inú rẹ̀ láti oṣù dé oṣù, ẹ bi wọ́n pé kí ló yí padà.

Ilé tó ń lọ gan-an ló ń kọ mí lóminú ju ìgbálẹ̀ lọ. Nírú ilé bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ ló máa ń po tíì, òun ló máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí ó yá ju kéèyàn dúró de aláìsàn lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, ohun tí a fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ́ á ti fò lọ, aláìsàn á ti di ará iwájú tẹlifíṣọ̀n. Ohun mìíràn tún ni pé ẹni tó mọ sítóòfù tiwa í lò lè dé ibẹ̀ kó má mọ tiwọn tàn. Nítorí náà, kí OT bá a débẹ̀ kí wọ́n tó kó ẹrù rẹ̀, kó po tíì náà nínú kíṣìnì wọn, pẹ̀lú kẹ́tùlù wọn.

Mi ò rí àbúrò yín, torí náà mi ò lè sọ pé kó máa lo iná tàbí kó má lò ó. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ló lè sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pe ìpàdé kí wọ́n tó gbé e lọ, ẹ rí i pé ẹ wà níbẹ̀, kí òun náà sì wà níbẹ̀. Kí OT kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé tuntun náà ní èdè tí kò le: ohun tó lè dá ṣe, ohun tó ń fẹ́ kí wọ́n rán an létí àti irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi rán an létí, àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe láìsí ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n fún ẹ̀yin náà ní ẹ̀dà kan.